Iyọ̀ Ojú Títì àti Alùpùpù Ọkọ Mi

Iyọ̀ ni ọ̀tá ọkọ mi nílùú òyìnbó. Kì í ṣe iyọ̀ inú ọbẹ̀ o. Iyọ̀ tí káńsù máa ń fọ́n sójú títì nígbà òtútù ni mò ń wí. Bí rédíò bá ti sọ pé yìnyín máa dì mọ́jú, ọkọ̀ ńlá kan á jáde ní ìrọ̀lẹ́, á máa da iyọ̀ tó pọ́n bí yẹ̀pẹ̀ ilé wa kiri gbogbo Woolwich, láti etí odò títí wọ Plumstead, kí títì má baà máa yọ̀. Ìdùnnú ni fún àwọn tó ń wa mọ́tò. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lè yọ́ yìnyín, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí ni kò ní fi irin ṣe?

Alùpùpù ni ọkọ mi fi ń jẹun. Ó máa ń bá àwọn ọ́fíìsì àárín London kó ìwé àti ẹrù kéékèèké, láti ọ̀dọ̀ lọ́yà kan dé ọ̀dọ̀ lọ́yà mìíràn, láti báǹkì dé ilé ìtẹ̀wé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú ló ń dé, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í pẹ́ ṣú nígbà òtútù. Òkè kejì nínú ilé káńsù kan ní Morris Walk ni èmi àtòun ń gbé. Àwọn ìbejì wa wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, à ń retí ìgbà tí apá wa máa ká a láti mú wọn wá. Ìyẹn ni pé Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pè wá, nílùú tí ìbejì kankan kò sí lọ́dọ̀ wa.

Bí ọkọ mi bá dé, kì í kọ́kọ́ jẹun. Kò sí ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀, nítorí náà á gòkè wá pọn omi sínú bókẹ́ẹ̀tì méjì, á gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀wù iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ alùpùpù. Láti fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti máa ń wò ó lábẹ́ iná òpó. Ọbẹ̀ á tutù, èmi náà á tutù.

Mo sọ fún un ní ọdún àkọ́kọ́ pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ n bá yín se omi gbígbóná."

Ó ní, "Rárá o. Omi gbígbóná ló ń jí iyọ̀. Omi tútù ni kó jẹ́."

Bí ó bá fọ̀ ọ́ tán, á nù ún gbẹ, á tan ẹ́ńjìnnì kí ooru rẹ̀ lè lé omi tó kù sínú kọ́lọ́fín irin, á fi ọ́ìlì pa ara irin tó ń dán, á fi gírísì pa ṣéènì, á wá fi tapólì bò ó bí ẹni ń fi aṣọ bo ọmọ tó sùn. Inú máa ń bí mi. Ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi ni ìyàwó kejì nínú ilé náà.

Èmi náà kò jókòó sílé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Thamesmead ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìsọdá ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ la ti ń jí wọn, tí à ń wẹ̀ wọ́n, tí à ń wọṣọ fún wọn, tí à ń fún wọn lóúnjẹ. Arúgbó òyìnbó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Bí mo bá délé lọ́sàn-án, ẹ̀yìn mi á ti rí bí igi tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ gbẹ́lẹ̀. Mo lè jókòó sórí àga pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, kí n má lè gbéra láti bọ́ ọ.

Báyìí la ṣe wà tí ọkọ mi fi ṣubú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún tuntun ni. Ọkọ̀ oníyọ̀ ti fọ́n iyọ̀ sí títì ńlá, ṣùgbọ́n kò dé orígun kékeré kan lábẹ́ afárá reluwé, ibi tí omi máa ń jò sílẹ̀ láti òkè. Omi yẹn ti dì. Kò funfun, kò dán, ojú kò lè rí i. Ọkọ mi ní òun kàn rí i pé ọ̀run wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ wà lókè. Alùpùpù náà dùbúlẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, ó sì fọ́ egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojúgun.

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pè mí sí fóònù. Nígbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti itan dé ọmọ ìka, ojú rẹ̀ ti wúwo nítorí oògùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó la ojú, ó wò mí.

"Alùpùpù ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹsẹ̀ wà níbí. Alùpùpù ló wà nínú iyọ̀."

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo jókòó tì í, mo ń wo ẹsẹ̀ funfun yẹn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta ẹrù àlòkù, tó ní fáànù ìkẹ́rù, ló bá wa gbé alùpùpù náà wálé. Ó tún ọwọ́ alùpùpù tó tẹ̀ ṣe, ó ra dígí mìíràn sí i, ó gbé e sí ààyè rẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá ọkọ mi sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, nítorí náà ìdí ló fi gun àtẹ̀gùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè níkọ̀ọ̀kan, èmi ń gbé ẹsẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Nígbà tó dókè, ó bẹ̀ mí kí n gbé àga sí ìdí fèrèsé ilé ìdáná. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ gbà. Alùpùpù ló fẹ́ máa wò.

Ní ọjọ́ kẹta tó dé, ó ní, "Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní ohun kan."

Mo ti mọ ohun tó jẹ́. Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́."

"Iyọ̀ ọjọ́ tí mo ṣubú ṣì wà lára rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi bá jinná, tí irin yẹn bá ti dógùn-ún, kí la máa jẹ? Kí la máa fi mú àwọn ọmọ wá?"

"Mo ti wẹ arúgbó láti àárọ̀. Mo délé, mo wẹ ẹ̀yin náà. Ṣé irin ló tún kù tí mo máa wẹ̀?"

 Ó yíjú sí fèrèsé. Òjò tó dà bí abẹ́rẹ́ ń rọ̀ sórí tapólì tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò so dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn ọkọ mi. Ó ti rù. Mo dìde, mo wá bókẹ́ẹ̀tì.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kàn da omi lé e lórí bí ẹni ń da omi sí ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, mo sì fẹ́ gòkè. Mo gbọ́ kò, kò, kò. Ọkọ mi ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ kan gíláàsì fèrèsé. Ó ṣí i.

"Abẹ́ rẹ̀! Abẹ́ ni kó o fọ̀! Òkè kọ́ ni iyọ̀ ń gbé!"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́.

"Ẹ̀yìn táyà ńkọ́? Rọra o! Má fi ọ́ìlì kan búrẹ́kì o, ìyẹn á pààyàn!"

Àwọn èèyàn ń ṣí fèrèsé. Ọkùnrin kan nínú ilé tó kọjú sí wa ń rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan bá wà lókè tó ń pariwo, tí obìnrin kan sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú kànrìnkàn. Ọwọ́ mi kú. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí mo fi ń fọ abọ́ lé ìbọ̀wọ́ òwú, síbẹ̀ n kò mọ̀ mọ́ bóyá mo mú nǹkan lọ́wọ́ àbí n kò mú nǹkan. Nígbà tí mo gòkè, mo ki ọwọ́ bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, omijé bọ́ lójú mi nítorí ìrora. Ọkọ mi fà mí sọ́dọ̀, ó gbé ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, sí ara ikùn rẹ̀. 

Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ pátápátá, òun nìkan pẹ̀lú ológbò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń jáde lọ síṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ló bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀, ó na ìka sí ojú ọ̀nà. Omi tí mo fi fọ alùpùpù lánàá ti dì láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń dán bí dígí.

Ó ní, "Ṣé ó wù ọ́ kí n kú ni?"

Ó sọ òótọ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, torí mo ti rí bí egungun ìdí ṣe ń dá lára àwọn tí mò ń tọ́jú, mo sì mọ̀ pé àwọn kan kì í tún dìde. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó má jáde. Mo sáré padà sókè, mo gbé ike iyọ̀ ọbẹ̀ tó wà lẹ́bàá sítóòfù, mo sọ̀kalẹ̀, mo ń fọ́n ọn kiri orí yìnyín níwájú ilé rẹ̀. Bí mo ṣe ń fọ́n ọn ni ojú mi bọ́ sára alùpùpù tí mo fi wákàtí ìsinmi mi fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ lánàá. Mo dúró sójú kan, ike iyọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín pa mí. Obìnrin náà wò mí títí, bóyá ó rò pé orí mi ti dàrú, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ní kí n máa da omi náà sí ojú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì máa ń na rọ́bà omi láti ilé ìdáná rẹ̀ jáde fún mi. Bókẹ́ẹ̀tì gbígbé dẹwọ́. N kò mọ̀ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó, mo kàn máa ń fún un ní puff-puff nígbàkigbà tí mo bá dín in. Ó ní ológbò òun fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ẹ́ńjìnnì má baà kú ni ọkọ mi fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tàn án. Mo máa ń jókòó lé e lórí lẹ́yìn tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, ooru á máa bọ̀ láti abẹ́ wá sí itan mi. Kí n sọ tòótọ́, ibẹ̀ nìkan ni ara mi ti ń móoru ní gbogbo ọjọ́ náà.

Bọ́ọ̀sì ló mú mi ro èrò tí mo rò. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tí mo máa ń lọ síṣẹ́, bọ́ọ̀sì tó wù ú á wá, èyí tí kò wù ú kò ní wá. Mo ti pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan, mo ti pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá wa obìnrin pè mí sí yàrá rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní èèyàn dáadáa ni mí, àwọn arúgbó fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe iṣẹ́ alẹ́ kò lè máa dúró dè mí. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á wá ẹlòmíràn. Owó iṣẹ́ mi nìkan ló kù nílé wa nígbà yẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó lórí alùpùpù, ẹ́ńjìnnì ń kùn lábẹ́ mi. Mo gbójú sókè. Ọkọ mi wà ní fèrèsé. Mo pa á, mo gòkè.

"Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ máa gùn ún lọ síṣẹ́."

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Gun kí ni?"

"Alùpùpù."

"Ìyá Ìbejì, ṣé o kò rí ẹsẹ̀ mi ni? Èmi tí mo ti ń gùn ún láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ibi tó bá mi dé nìyí. Obìnrin Ìjẹ̀bú wo lo rí tó ń gun alùpùpù nínú yìnyín?"

"Èyí tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò dé ni."

Ó ní òun kò gbà. Ó ní bí nǹkan bá ṣe mí, kí lòun fẹ́ wí fún ìyá mi? Mo ní bí wọ́n bá lé mi níbi iṣẹ́ ńkọ́, kí la máa wí fún àwọn tó ni ilé? A sùn láìbá ara wa sọ̀rọ̀. Lówùúrọ̀, bí mo ṣe ń de okùn bàtà, ó ní láti orí bẹ́ẹ̀dì, "Akoto mi á tóbi fún ọ. Fi gèlè wé orí kó o tó dé e."

Alùpùpù náà kò tóbi, òfin sì gbà kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ gun irú rẹ̀, bó bá ti gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan, tó sì lẹ lẹ́tà L pupa tí wọ́n fi ń dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Ọjọ́ Sátidé ni mo gba ẹ̀kọ́ náà nínú ọgbà ilé ìwé kan ní Plumstead. Ọ̀dọ́kùnrin ni gbogbo àwọn yòókù. Mo ṣubú, mo dìde, mo tún ṣubú. Olùkọ́ wa, òyìnbó onírùngbọ̀n kan, sọ fún mi pé, "Má wo táyà. Ibi tó o bá ń wò ni alùpùpù máa gbé ọ lọ." Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, mo ti lè yí i po láì fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ó fún mi ní ìwé. Mo fi í sínú kọ́mú mi.

Ẹ jẹ́ n sọ bí òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ṣe rí. Mo wọ ṣòkòtò ọkọ mi méjì léra, mo ki ìwé ìròyìn sábẹ́ kóòtù níbi àyà, mo fi gèlè wé orí, mo dé akoto. Ọkọ mi wà ní fèrèsé. Mo rọra wa alùpùpù gba ẹ̀bá odò, mo gba Plumstead Road, mo yí ibi tí ọ̀nà ti yí, mo wá já sí títì gbọọrọ tó lọ sí Thamesmead. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti gbá mi mú. Ilẹ̀ àbàtà ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó dí atẹ́gùn odò lọ́wọ́. Iná ọgbà ẹ̀wọ̀n ń tàn lápá kan, òkùnkùn wà lápá kejì. Omi ń dà lójú mi, eyín mi ń gbá ara wọn. Àdúrà tí mo gbà lọ́nà yẹn kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú: Jésù, Jésù, Jésù. Nígbà tí mo dé ilé àwọn arúgbó, mi ò lè ṣí ọwọ́ mi kúrò lórí irin. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ alẹ́ jáde, ó bá mi ṣí ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wa kò tíì dé rárá.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead West. Aláṣọ funfun ni wá, obìnrin wa kì í sì wọ ṣòkòtò. Mo máa ń kó sùtánà mi sínú ọ̀rá lẹ́yìn alùpùpù, màá sì wọ yẹ̀rì ńlá lé ṣòkòtò kí n tó dé ẹnu géètì. Síbẹ̀ ìròyìn lọ. Ìyá ìjọ wa, ìyá àgbà kan tó ń gbé ní Glyndon, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn ìsìn. Mo kúnlẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ò ń gun alùpùpù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy."

"Pẹ̀lú ṣòkòtò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọkọ mi ò lè ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì kì í sì í dúró dè mí."

 Ó ń wo ọwọ́ mi tó ti là yánnayànna nítorí òtútù àti ọṣẹ. Òun náà ti fi ọwọ́ tirẹ̀ nu ilẹ̀ ọ́fíìsì ní London láti ìgbà tí èmi ṣì wà ní ilé ìwé. Ó ní, "Bọ́ ọ kó o tó wọ ọgbà. Má jẹ́ kí àwọn tó kéré sí ọ rí i kí wọ́n máa fi ṣe àwòkọ́ṣe." Mo dúpẹ́. Mo fẹ́ dìde. Ó fi ọwọ́ tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

Ó ní, "Ṣé ó máa ń dùn?"

Mo ní, "Mummy, ó tutù ju kó dùn lọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó máa ń dùn?"

Mo ní díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n máa lọ.

Wọ́n tú ẹsẹ̀ ọkọ mi sílẹ̀ nígbà tí òtútù ṣì ń mú. Ẹsẹ̀ náà tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ kò sì tẹ̀ dáadáa mọ́. Dókítà ní á máa rìn, ṣùgbọ́n kó gbàgbé alùpùpù. Ọkọ mi kò sọ ìyẹn fún mi. Mo rí i fúnra mi lọ́jọ́ ìsinmi mi kan, nígbà tí mo dúró ní fèrèsé tí òun ti máa ń jókòó. Ó ti lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ká tapólì kúrò. Ó gbé ẹsẹ̀ tó dára kọjá, ó jókòó. Bó ṣe fẹ́ gbé alùpùpù náà nàró, ẹsẹ̀ kejì kọ̀, gbogbo rẹ̀ sì fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, òun náà pẹ̀lú rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó fi iwájú orí ti ògiri. N kò sọ̀kalẹ̀. Ó yẹ kí ọkùnrin ní ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Mo lọ gbé omi èbà kaná, mo sì ń to abọ́ kí ariwo lè wà nínú ilé nígbà tó bá dé.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ alùpùpù mọ́. Bí mo bá ń fọ̀ ọ́, kì í wá sí fèrèsé. Ìyẹn gan-an ló rẹ̀ mí jù. Mo wá mọ̀ pé ariwo rẹ̀ ni mo ti ń fi ṣe agbára.

Lọ́jọ́ kan, sínóò ti yọ́ di ẹrẹ̀ dúdú, iyọ̀ sì bo alùpùpù títí àwọ̀ rẹ̀ kò fi hàn mọ́. Èèyàn kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, baba arúgbó kan tí mo ti ń wẹ̀ láti ọjọ́ tí mo débẹ̀. Mo wọlé sí ọgbà wa, mo pa ẹ́ńjìnnì, n kò lè sọ̀kalẹ̀. Mo kàn jókòó. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ọkọ mi wà níwájú mi pẹ̀lú rọ́bà omi ìyá òyìnbó.

Ó ní, "Sọ̀ kalẹ̀."

Mo ní, "Màá fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀."

"Mo ní kó o sọ̀ kalẹ̀. Oúnjẹ wà lórí tábìlì. Lọ jẹun."

Mo gòkè. Ó ti se ìrẹsì, ó jóná díẹ̀ nísàlẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo gbàgbé láti gbé akoto kúrò lórí itan mi. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ló ń fọ̀ ọ́. Kò mọ síbẹ̀; ó gé kóòtù rẹ̀ àtijọ́, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́, ó rán apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọwọ́ alùpùpù pẹ̀lú okùn ọ̀rá, kí n lè máa ki ọwọ́ mi bọ inú rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà rí mi mú. Ìránṣọ rẹ̀ burú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ìka mi kò kú mọ́.

Òtútù kejì ni iyọ̀ wá borí wa. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ ń dán, kò sí ẹni tó máa wò ó tí kò ní sọ pé tuntun ni. Nígbà tó tó àkókò àyẹ̀wò tí ìjọba ń béèrè, ọkùnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó fi ṣìkúdírà gún irin ibi tí bátìrì jókòó lé, ìdí tí búrọ́ọ̀ṣì wa kì í dé. Ṣìkúdírà náà wọlé ṣìnkún, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka gún búrẹ́dì. Ó fà á yọ, ìpẹtà dà sílẹ̀. Ó wo àwa méjèèjì, ó ní òun kábàámọ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún wọ títì mọ́.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò tẹ̀, ó fi ìka kan ihò náà.

Ó ní, "A kò fọ ibí yìí rí."

Mo ní, "Ọwọ́ kì í débẹ̀."

A fi ọwọ́ tì í padà sílé. Ọ̀nà náà jìn, òkè sì wà níbẹ̀, èmi wà níwájú, ó wà lẹ́yìn. Nígbà tí a dé, ó wá rọ́bà omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. N kò bi í ní ìdí. Mo mú àkísà, mo ń bá a nù ún. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ oní-fáànù wá gbé e lọ láti lọ tú u tà ní wẹ́wẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ọkọ mi rí iṣẹ́ sí ẹnu géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead, níbi tó ti lè máa jókòó. Iṣẹ́ ọ̀sán ni. Èmi padà sídìí bọ́ọ̀sì, ọ̀gá wa sì ti gbé mi sí àkókò tó pẹ́ díẹ̀ lówùúrọ̀, ó ní òun kò fẹ́ pàdánù mi. Mo rò pé ọkọ mi á máa sùn nígbà tí mo bá ń jáde. Kò sùn. Ó máa ń dìde, á wọ bàtà, á mú ọ̀pá rẹ̀, á bá mi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á sì bá mi rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Mo ní kó máa sinmi, òtútù á mú un lẹ́sẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ kò tíì sọ fún òun pé ó ń dun òun. A máa ń dúró síbẹ̀, èjìká lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká, bí àwọn tó ti jọ gbé ẹrù wúwo kan títí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí wọn kò tíì mọ ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ ṣe.